Orí Keje Ìwé Àlájì, Èmi Ni Mo Kọ Ọ́

Èmi ni mo ṣe é, kò sẹ́ni tó rán mi... pardon, ẹ bá mi dá sí i, mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnì kankan nílé. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní àdúgbò Agbalépédogan níbí, ọmọ mi oṣù mẹ́jọ máa ń wà lẹ́yìn mi. Àlájì kan tó ti ta aṣọ rí ní kí n bá òun tẹ ìtàn ayé òun fún àwọn ọmọ òun. Gbogbo Sátidé ló ń wá, ó ń sọ, mò ń tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, Àlájì 1, Àlájì 2, títí dé 9. Nígbà tó parí, mo ṣí ìwé tuntun nínú Word, mo ń kó wọn wọ inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ń sunkún, mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mò ń ka iye fáìlì... ó pé mẹ́sàn-án, mo bá pa àwọn fáìlì kéékèèké rẹ́ torí kọ̀ǹpútà wa ti kún.

Àṣé ìkẹfà ni mo kó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ìkeje ò sí níbì kankan. Ìkeje yẹn ló sì ti sọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀ àkọ́kọ́ tó kú. Kí n tó ní kó tún un sọ, àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ òsì nìkan ló ń gbé. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo kọ èyí tí mo rántí. Èyí tí mi ò rántí... ìyá tèmi tó ti kú ni mo kọ síbẹ̀, bó ṣe máa ń kọrin tó bá ń dáná, bó ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn wa bóyá ara wa gbóná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Àǹtí Ràṣídà, ọmọ tí ìyàwó àkọ́kọ́ yẹn bí fún Àlájì, pè mí sílé wọn ní Sanguéra. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ìyá ẹ̀ kú. Ó ka orí keje fún bàbá, omi ń dà lójú ẹ̀. Àlájì tẹjú mọ́ mi, ó ń ju ọwọ́ òsì yẹn, ó ń jù ú... wọ́n ní inú ẹ̀ ló dùn. Ṣé inú ẹ̀ dùn lóòótọ́? Àbí ó ń sọ pé irọ́ ni? Àǹtí gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ìyá Sàmíù, Ọlọ́run á dá ọmọ ẹ sí fún ẹ. Mi ò mọ̀ rí pé màmá mi máa ń kọrin."

Lọ́la ni wọ́n ń gbé ìwé náà lọ sí imprimerie, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àǹtí ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀ pé olórin ni ìyá àgbà wọn... Tí mo bá sọ òótọ́, mo tún gba ìyá yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá dákẹ́, bàbá tí ò lè sọ̀rọ̀ ń wò mí. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìyá yín, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bi... tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa fẹ́ kí n sọ fún yín?