Àìsàn Tó Ń Ṣe Píkọ́ọ̀pù Bàbá Wa

                                        Ojúlé 12, Àdúgbò Àjàgbé,
                                        Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Sùúrùlérè,
                                        Èkó.
                                        9 Oṣù Kẹta, 2025.

Abdulfatai, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Aneesah ńkọ́? Ṣé ara ìyá rẹ ti ń le? Àwa náà wà. Mo rí i pé o pè mí lẹ́yìn fídáù Bàbá. Mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn nígbà yẹn, má bínú.

Àyà ló ń dun Bàbá. Mo fi píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó àga fún àwọn oníbàárà gbé wọn, ó di ọsibítù. Nígbà tí a dé Costain, ọkọ̀ wúkọ́, ó gbọ̀n, ó sì kú. Mo ṣáná sí i títí, kò dáhùn. Kí a tó rí ọkọ̀ míì, Bàbá ti lọ.

Ẹbí ní kí a ta ọkọ̀ náà. Mo ní ó di ìgbà tí mo bá mọ ohun tó ṣe é. Dennis, riwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn ilé wa, fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, àmì tí wọ́n ń pè ní kóòdù sì jáde pé iná kì í dé sílíńdà kẹta dáadáa. A pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, a pa kóòdù náà rẹ́, ó padà wá. A pààrọ̀ kọ́ìlì tó ń ta iná sí plọ́ọ̀gì, ó tún padà wá.

Dennis ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Mo ní rárá. Ló bá ń fọwọ́ tọ wáyà tó ń gbé iná fún àwọn kọ́ìlì, títí tó fi dé ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni wáyà náà ti ń ha irin. Ó ti bó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Tí ọkọ̀ bá gbọ̀n, sílíńdà kẹta ló máa ń kọ́kọ́ pàdánù iná, nígbà míì gbogbo wọn. Dennis so ó, ó wé e, kóòdù ò padà mọ́. Inú ẹ̀ dùn gan-an. Èmi rò pé màá sunkún ni, àmọ́ nǹkan kan ò ṣe mí.

Mo wọlé lọ bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Wáyà kan ni," mo ní.

"Wáyà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà tán kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀: "Gbé mi lọ síbi tí wọ́n sin Bàbá sí."

Ọkọ̀ ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró dè mí. Ọwọ́ mi wà lára kọ́kọ́rọ́, àmọ́ mi ò lè pa ọkọ̀ náà. Mo kàn jókòó, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ geere. Màmá padà wá, wọ́n na ọwọ́ wọlé lójú fèrèsé, wọ́n sì bá mi pa á.

Bá mi kí gbogbo ilé.

                                        Èmi, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                        Taoheed