Ọjọ́ Tí Wọ́n Máa Tún Wá Kà Wá Lójú Irin

Ọmọbìnrin mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ èèyàn yẹn ti rọlẹ̀ díẹ̀? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń mú ọ gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́sàn-án lójoojúmọ́ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá, nítorí náà má dààmú. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, ìbejì ni, abo méjì, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Mo gbọ́ pé o pe fóònù mi fún ọjọ́ mẹ́rin tí mi ò gbé e, tí o wá pe olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ àgbà pé kó lọ wò ó bóyá mo ti kú. Mi ò kú. Oko ni fóònù wà. Ìjọba ní àwọn fẹ́ máa san owó ìrànwọ́ fún àgbẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì pín fọ́ọ̀mù. Ẹni tó mú fọ́ọ̀mù wá ní kí a gbé fóònù sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko, pé fóònù yóò mọ ibi tí oko wà, yóò sì sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì. Mo wá rò ó pé èmi gan-an, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé bàbá rẹ, ó tó ọdún kan kí n tó mọ àwọn igun yẹn tán, báwo ni fóònù tó dé lánàá ṣe fẹ́ mọ̀ wọ́n ní ìṣẹ́jú kan? Mo bá fi í sí igun kọ̀ọ̀kan fún odidi ọjọ́ kan kó lè fara balẹ̀ wò ó. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ máa rí ojú ọ̀run, mo gé ẹ̀ka igi tó ṣíji bò ó. Nígbà tí mo lọ mú un lọ́jọ́ karùn-ún, ó ti kú fin-ín-fin. Mi ò bá a wí, iṣẹ́ ló ṣe.

Mo kọ gbogbo fọ́ọ̀mù náà fúnra mi. Wọ́n béèrè àdírẹ́sì ímeèlì, mo kọ ọ́ pé ilé kẹta ni sí ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo, kí wọ́n ṣọ́ra fún ajá. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mo kọ ọ́ pé ọjọ́ náà kò dá mi lójú, àmọ́ ìyá mi máa ń sọ pé ó rẹ òun gan-an lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló dá mi dúró. Wọ́n ní ṣé ọ̀nà wà tí èèyàn lè gbà dé oko yìí láìséwu. Ìwọ náà mọ̀ pé ojú irin ló wà láàárín ilé wa àti oko, ibi kan ṣoṣo sì ni gbogbo wa ti ń sọdá, kò sí géètì, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Olùkọ́ ní bí wọ́n bá dí ibẹ̀ pa, oko wa kò ní ọ̀nà mọ́ nìyẹn, oko tí kò bá sì ní ọ̀nà, wọn kò ní san kọ́bọ̀ lé e lórí. Mo ní ta ló fẹ́ dí i pa. Ó ní kí n máa gbọ́ rédíò.

Mo bá ń gbọ́ rédíò. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn aṣòfin fi ń bá ara wọn fà á lórí òfin ààbò ojú irin, wọ́n á fà á títí di ọ̀sán, bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ti owó àgbẹ̀. Ọmọ mi, àánú wọn ṣe mí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ṣáá pé òun dìde láti sọ̀rọ̀, láìpẹ́ òun tún dìde, kò sì sí ẹni tó ní kó wá nǹkan jókòó lé. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gbóná, ẹnì kan á máa fi òòlù kan pákó gbà-gbà-gbà, mo ní ṣé wọn ò lè bẹ káfíńtà náà kó jẹ́ kí ìpàdé parí kó tó máa tún àga ṣe ni. Wọ́n ní àwọn ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, àfi kí àwọn kà á lẹ́ẹ̀kẹta kó tó di òfin. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Èmi náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń kàwé kó tó yé mi.

Ohun tí mo gbọ́ rèé, olùkọ́ sì bá mi tún un sọ kó lè dá mi lójú. Ibi tí kò bá ti sí géètì, bí èèyàn ọgọ́rùn-ún bá ń sọdá irin níbẹ̀ lójúmọ́, ìjọba á ṣe géètì, wọ́n á fi ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ síbẹ̀. Bí wọn ò bá tó ọgọ́rùn-ún, wọ́n á mọ ògiri dí i. Wọ́n sì ti ka tiwa. Mọ́kànlá ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Ojú ń tì mí láti sọ bó ṣe jẹ́, àmọ́ ọmọ mi ni ọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin láàárọ̀ kùtù, ó na agbòjò, ó ṣí ìwé, ó ń wo ẹsẹ̀ èèyàn. Alágbòjò la sọ ọ́. Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ rí i, ó sáré wálé tòun ti orúnkún yẹn, ó ní wọ́n ti dé o, wọ́n ń ka orí. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ẹni tó bá ń ka orí, owó orí ló ń wá, bí àwọn bàbá wa bá ti rí i, inú igbó ló kàn. Kí oòrùn tó yọ tán, ọ̀rọ̀ ti káàkiri. Àwọn kan tilẹ̀kùn. Àwa tí iṣẹ́ wa wà lóko gba inú gọ́tà ńlá tí omi ń gbà lábẹ́ irin, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ mù mí dé orúnkún, mò ń wọ́ apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, inú mi sì ń dùn pé mo gbọ́n ju ìjọba lọ. Mọ́kànlá tí Alágbòjò rí yẹn, àlejò ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwa la fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Mo wọ bàtà, mo lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin wa nílùú kejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, akọ̀wé ibẹ̀ ní ọ̀gá òun kò sí lórí ìjókòó. Mo yọjú wo àga náà, òótọ́ ni, mo ní màá dúró tì í. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn ni mo tó kúrò. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé kí n jù ú sínú àpótí. Mo jù ú sí i, mo wá jókòó ti àpótí náà kí n lè wà nítòsí nígbà tí yóò bá dáhùn. Lọ́jọ́ kẹta, akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló bu omi fún mi, tó béèrè pé kí ni mo ń fẹ́ gan-an. Mo ní ìwé yín sọ pé mọ́kànlá ni wá, irọ́ ni, èmi wà lára àwọn tó sá pamọ́. Ó fi bírò sílẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́tàdínlógún lòun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ò tíì rí ẹni tó wá fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn rí. Ó pe ibí, ó pe ọ̀hún, ó wá ní Alágbòjò yóò padà wá lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n tó ka òfin náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ méjì sí òní.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ láti ilé dé ilé, tí mò ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní iṣẹ́ lódìkejì irin. Akọ̀wé ní àlọ àti àbọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á kà á. Mo ní bí mo bá pààrọ̀ gèlè kí n tó padà ńkọ́. Olùkọ́ wò mí, ó ní èrú nìyẹn. Mi ò dá a sọ mọ́. Ọmọ tó bá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, wọ́n á kà á, òun náà lórí. Bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa ka òun bí ẹni ń ka àgbàdo. Mo ní kò burú, ẹni tí wọn ò bá kà kò ní jẹ àgbàdo. Lọ́jọ́ kejì ló ní kí n kọ orúkọ òun, kí n sì jẹ́ kó wà lókè.

Ẹni tí mi ò lè lọ bá ni télọ̀. O rántí pé ibẹ̀ ni rélùwéè ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀, láàárọ̀ tí kùrukùru bo ilẹ̀ tí kò rí iwájú. Ọdún kẹwàá rèé tí kò sún mọ́ ojú irin, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ro oko. Mo gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, mi ò yà. Òun ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí wọ́n fi báárò ti òun kọjá lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ká ní géètì wà níbẹ̀ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ mi ì bá ṣì pé méjì. Ẹ kà mí mọ́ wọn.” Mo sunkún níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mi ò sì tijú. Òfin yẹn dára, mi ò bá a jà. Géètì ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ògiri.

O kọ̀wé pé kí n fi oko sílẹ̀, kí n wá máa bá ọ gbé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń bẹ nínú rẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Àmọ́ mi ò wá. Mo ti dé yàrá rẹ, ó mọ́, ó ní fèrèsé kan, kí ni màá máa ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé kí n máa wo fèrèsé? Oko yẹn ni mo fi rán ọ nílé ìwé. Orí irin yẹn ni mo ń pọ̀n ọ́ gbà, tí màá dúró, tí màá fetí sílẹ̀, tí màá di ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì mú kí n tó gbé ẹsẹ̀ temi. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń rìn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ògiri síwájú mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, o mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í ṣàì ní í. Táyà báárò ti bẹ́, kí o fi owó táyà ránṣẹ́, ti báátìrì rédíò náà kí o fi kún un, mi ò fẹ́ kí wọ́n ka ẹlẹ́ẹ̀kẹta kí n má gbọ́. Èyí tó bá kù, má fi ránṣẹ́. Fi wọkọ̀.

Nítorí mo ti ka orúkọ inú ìwé náà lọ, mo kà á bọ̀. Gbogbo ilé, ọmọ ẹ̀yìn, télọ̀, bàbá rẹ lókè pátápátá, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni wá. Ẹnì kan ló kù. Mi ò ní ṣe èrú, mi ò sì lè bí ẹlòmíràn kó tó di Ọjọ́rú. Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ ń ṣe wá lóore, àmọ́ kò ní orí tí Alágbòjò lè kà. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ní iṣẹ́ fún ọ lóko, kì í sì í ṣe irọ́, mo fi poro ata mẹ́fà sílẹ̀ tí wàá ro láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a yá ọ wá. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ sí ìlà tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́rú ni màá fi bírò tẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́run á mú ọ lọ, á mú ọ bọ̀. Ọkọ̀ tí wàá wọ̀ kò ní kọsẹ̀. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ka èèyàn láyé yìí, wọ́n á kà ọ́ mọ́ wọn.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ.