Alhaji Aminullah Akóredé Adéagbo (1957–2025): Ẹni Tó Sọ Iṣẹ́ Ọ̀dà Lórúkọ

Ìlú Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti bí Alhaji Aminullah Akóredé Adéagbo, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà ọdún 1957, ní àárọ̀ tí kùrukùru bo àdúgbò débi pé àwọn tó wá kí ìyá ọmọ ń kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ẹdẹ ni bàbá wọn, Ààfáà Adéagbo, tó ń ta tẹ̀súbáà ní Ẹ̀núwà. Ọmọ Ìpetumodù ni ìyá wọn, Alhaja Khàdíjàh. Àwa ọmọ gbà pé láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni Bàbá ti fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́.

Wọ́n kàwé títí dé ilé ìwé mọ́dà ní Ifẹ̀, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Ní 1981, wọ́n ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fèrèsé ní Ìkẹjà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú, ọ̀dà tí kò lómi, tí kò sì fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ìbọn ló ń tu ú jáde, iná mànàmáná á fà á mọ́ irin, ààrò á wá yọ́ ọ títí yóò fi dì. Wọ́n ní bí ẹni tó ń lálàá ni àwọn ṣe dúró lọ́jọ́ náà, títí ọ̀gá fi ní kí àwọn yà lọ́nà.

Ní 1985, wọ́n gbé Alhaja Sàúdátù, aránṣọ ará Edunabon, níyàwó. Ní 1994, wọ́n padà wálé, wọ́n sì dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lójú ọ̀nà Edunabon.

Ọdún 1997 ni wọ́n kun irin fèrèsé mọ́ṣáláṣí àdúgbò ní àwọ̀ ewé. Òjò ọdún náà ò tíì dá tán tí ìpẹtà fi ń yọjú. Ìmọ́tótó Bàbá ló fà á. Wọ́n ti kun ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé irin rọ̀, kó má baà dípẹtà. Ọ̀dà ara ìkọ́ dí ọ̀nà mọ́ iná, iná ò ráyè sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀, lẹ́búlẹ́bú ò sì lẹ̀ mọ́ irin bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, wọ́n dìde láàárín èrò. “Ẹ má bá irin wí, ẹ má bá òjò wí. Èmi ni mo kun ìkọ́, mi ò sì họ ọ́.” Wọ́n tú gbogbo fèrèsé náà, wọ́n sì tún un kùn.

Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pe wáyà tó so ìkọ́ mọ́ ilẹ̀ ní ẹ́ẹ̀tì, orúkọ tí Òyìnbó ń pe ilẹ̀, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ní Ìkẹjà, láìronú pé ilẹ̀ gan-an ni iná ń wá. Ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n ra ìwé kan, wọ́n ní gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn máa sọ lórúkọ kí àwọn tó kú. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà wọn kì í kánjú. Wáyà ilẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ìwé. Ọ̀dà tó bá rí gbágungbàgun, ara ọsàn. Ihò wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn bá dá sí i, ihò abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tí ààrò ń ṣe, wọn ò gbà kí á pè é ní gbígbẹ, torí ọ̀dà náà ò tutù rí. Wọ́n pè é ní jíjinná. Ní òde ìnáwó, ọwọ́ Bàbá kì í kúrò lára àga onírin. Wọ́n á máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ara ọsàn,” Màmá á sì tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀.

Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 2009. Funfun kan tí wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n wá a nínú ọ̀dà títí ayé wọn, wọn ò rí i. Wọ́n kun bẹ́ẹ̀dì àwọn abiyamọ ní Ìpetumodù lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ́ Habibah, àkọ́bí wọn, ní ìbọn yíyìn títí ó fi gba ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí, ojú ewé kan ṣoṣo ló ṣófo nínú ìwé orúkọ náà. Igun inú irin ni wọn ò tíì rí orúkọ fún, ibi tí lẹ́búlẹ́bú kì í fẹ́ wọ̀, bí ó ti wù kí á yin ìbọn tó. Ó ká wọn lára gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Habibah jókòó tì wọ́n.

“Bàbá, kọ́lọ́fín ńkọ́? Ṣebí ibẹ̀ ni Ìyá àgbà máa ń tọ́jú àádùn pamọ́ sí fún wa.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, má fi agbára lé e. Dín iná kù, sún mọ́ ọn, kí o sì rọra.” Wọ́n ní kó kà á fún àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, wọ́n sùn, wọn ò jí.

Wọ́n fi Alhaja Sàúdátù sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta, Habibah, Mojíre àti Ìfẹ́dayọ̀, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti ìwé kan tí kò ní ojú ewé òfìfo mọ́.

Bàbá wa, àárò yín ń sọ wá gan-an. Ilẹ̀ tó kọ́kọ́ wọ ìwé yín, ẹ ti débẹ̀ báyìí. Kí Ọlọ́run Ọba rọra sún mọ́ yín, kí ìmọ́lẹ̀ Rẹ̀ wọ kọ́lọ́fín ibojì yín. Ẹ sùn ire.