Kọ́là Ẹ̀wù Ọgọ́rùn-ún Ilé

Caixia, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ìlú ńlá ò mú ọ ní ìka, nítorí mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣàánú ìka tó ti kú. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá àgbà rẹ wà, orúnkún wọn nìkan ló ń ṣàfojúdi sí wọn. Bàbá rẹ ti wà lórí igi ápù láti àárọ̀, wọ́n ń gé ẹ̀ka, wọ́n ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé ajá wa ti bímọ. Kí ọ̀run máa ṣọ́ ọ lọ, kó máa ṣọ́ ọ bọ̀. Kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kó má máa rí àṣìṣe rẹ. Kó rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọmọ mi, mo ti pe fóònù yẹn títí. Obìnrin kan ló ń dáhùn. Ohùn rẹ̀ dùn, kì í bínú, ó ní ẹni tí mo ń pè ti pa fóònù rẹ̀. Mo kàwé dé girama, mo mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń kí i kí n tó gbé e sílẹ̀, nítorí bó bá lọ jẹ́ ènìyàn ńkọ́, tí wọ́n wá ń sọ kiri pé ìyá Caixia ò lẹ́kọ̀ọ́? Ìyá àgbà ò tiẹ̀ ṣiyèméjì ní tiwọn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ obìnrin náà pé kó jọ̀ọ́, kó gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan nínú aṣọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ àwọn fún ẹ̀wù ọgọ́rùn-ún ilé rẹ̀, torí ẹni tó ń bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ báyìí, aṣọ rẹ̀ á ju ti ẹgbẹ̀rún ilé lọ. Obìnrin náà tún sọ ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà ní agbéraga ni.

Àbúrò rẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Gouwa la ṣì ń pè é, ọmọ ajá, kí ohun tó ń wá ọmọ èèyàn má baà yà sílé wa, nítorí náà ọmọ ajá ti di púpọ̀ nílé báyìí. Ara mi ò balẹ̀ lórí rẹ̀. Bó bá sùn pẹ́, mo máa ń fi ìka sábẹ́ imú rẹ̀. Bó bá jí, mo máa ń rò pé kí ló jí i. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, o sì mọ̀ pé ìyá àgbà ò gbà pé òtútù ti lọ, wọ́n ní ìgbà ìrúwé ẹlẹ́tàn ni, ẹni bá bọ́ aṣọ nítorí oòrùn rẹ̀ á wọ̀ ọ́ padà pẹ̀lú ikọ́. Nọ́ọ̀sì tú aṣọ, ó tú aṣọ, ó ní ìyá yìí, ṣé ọmọ wà nínú ẹ̀ lóòótọ́? Nígbà tó kan ọmọ, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó fi bírò sàmì kan sínú káàdì rẹ̀, mo sì fi ojú ara mi rí i pé àmì náà bọ́ sábẹ́ ìlà. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n á jẹ́ kó tún ìdánwò náà ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní ọmọ mi ò fìdí rẹmi, ó kàn fúyẹ́ díẹ̀ ni. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ ẹyin àti ẹ̀kọ jéró bí ẹni tó ń lé nǹkan, kó lè gba máàkì tó dáa nígbà tí a bá padà lọ.

Bàbá rẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ fún ọ. Orí igi ápù tó ga jù ni wọ́n gùn kí àwòrán náà tó lè lọ, nítorí nẹ́tíwọ̀kì tó lè gbé àwòrán ò sí nísàlẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo wà nídìí igi, mo ń pariwo pé kí wọ́n fi síkáàfù ọrùn wọn bo fóònù, kí òtútù má mú ọmọ. Wọ́n ní ìyàwó mi, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ. Mo wolẹ̀, lóòótọ́ ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ìyá kì í kàwé, Caixia. Ṣé o rí àwòrán náà? Àwa ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù rẹ̀ ló mú kí n jókòó kọ èyí. Ọjọ́ ọjà tó kẹ́yìn nínú oṣù kejì ni ọmọ á pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́, o sì mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tí a tọrọ aṣọ rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ilé, kí gbogbo ilé wọ̀nyẹn lè jọ di í mú sáyé. Láti ìgbà tí yìnyín ti ń yọ́ ni mo ti ń gbé agbọ̀n kiri nínú ẹrọ̀fọ̀. Bàbá Bai arúgbó gé aṣọ inú bàtà wọn fún mi. Káfíńtà tí kò gbọ́rọ̀ fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ ya lójú mi, ó sì tún fi owó tó wà nínú rẹ̀ kún un. Ìyá Lanfen, tó ti ń bá wa jà nítorí omi ìdọ̀tí láti ọdún tó kọjá, ju sílíkì pupa tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ sí wa láti orí ògiri, ó ní kì í ṣe ẹ̀yin ni mo fún o, ọmọ ni mo fún, kí ẹ má sì kí mi. A ò kí i. Ṣùgbọ́n ilé tó ti tì pa pọ̀ lábúlé wa, gbogbo wọn ló ti lọ sí ìlú, mo sì ní láti sọdá àfonífojì lọ sí abúlé kejì, níbi tí ajá ti fi eyín tọ́ ṣòkòtò mi wò.

Nígbà tó ku ilé kan ṣoṣo ni mo fi fóònù kọ̀wé sí ọ pé ẹ̀wù ọmọ ku aṣọ díẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe kọ ọ́ tó fi dà bí ẹni tó ń tọrọ aṣọ lọ́wọ́ rẹ. Mo kàn fẹ́ kí o mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ni. O dáhùn pé o ti gbọ́. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Meng awakọ̀ bọ́ọ̀sì já àpò ńlá kan sílẹ̀ fún wa, àjákù aṣọ aláwọ̀ búlúù ló kún inú rẹ̀, èyí tí ẹ fi ń rán aṣọ ilé-ìwé níbi iṣẹ́ rẹ. Mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo yí àpò náà síta, mo gbọ̀n ọ́n. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀.

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ilé ọgọ́rùn-ún ti dé. Mo ní Màmá, ẹ ò rántí ni, aṣọ ẹni tí a jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan kì í wọ inú ẹ̀wù yìí, aṣọ ará ilé mìíràn la ń tọrọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Caixia náà ti ń jẹun nínú ìkòkò mìíràn, ó ti di ará ilé mìíràn, tirẹ̀ wọlé. Wọn ò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà rárá. Wọ́n ń wá sísọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ohun tí o sọ lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí o ń wọ bọ́ọ̀sì, ló padà wá sétí mi. O ní ilé ti kún, a ti rí ọmọkùnrin tí à ń wá, àlejò ni ìwọ jẹ́ báyìí. Mo ń wá èsì lẹ́nu mi nígbà tí Ọ̀gá Meng ti ilẹ̀kùn. Mo wá rí i pé bí mo bá rán aṣọ búlúù yẹn mọ́ ẹ̀wù náà, abẹ́rẹ́ mi á ti bá mi dáhùn nìyẹn, á ti ní bẹ́ẹ̀ ni, àlejò ni ọ́.

Mo gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìyá àgbà. Caixia, láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, mi ò tíì sọ rárá fún wọn rí. Mo ní rárá. Wọ́n wò mí, wọ́n kọjá sí ìdáná, wọ́n ń gún aáyù bí ẹni pé orí mi ló wà nínú odó. Bàbá rẹ wọlé, wọ́n gbọ́ ìró ọmọ odó, wọ́n tún padà sórí igi.

Ni mo bá pọn ọmọ, mo lọ dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́bàá ọ̀nà. Mo tọrọ aṣọ lọ́wọ́ Ọ̀gá Meng. Ó ní ìyá Gouwa, ọkọ̀ ni mo wá wà, mi ò wá ta aṣọ, ṣé kí n máa wakọ̀ níhòòhò ni? Àwọn èrò ń lu ojú fèrèsé pé ọjà ń tú. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó bọ́ àpò aṣọ tó fi ń bo apá ẹ̀wù rẹ̀ nítorí ọ́ìlì ọkọ̀, ó ní kí n gé ibi tí mo bá fẹ́. Obìnrin kan láti inú ọkọ̀ ní ọmọ náà á máa rùn bí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá Meng ní ẹni tó bá ń rùn bí ẹ́ńjìnnì kì í sọnù, gbogbo ọ̀nà ló máa mọ̀ ọ́n, ìwọ jókòó jẹ́ẹ́. Òun ni ilé ọgọ́rùn-ún, Caixia. Kì í ṣe ìwọ.

Ìyá àgbà gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yínmú. Wọ́n fi eérú fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ wọn fi pọ́n. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ti oko dé, mo rí i pé gbogbo ìlédìí ọmọ tó ń gbẹ ní apá tìrẹ lórí ibùsùn alámọ̀ tí à ń dáná sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti kó o kúrò. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní ẹni tó ń bọ̀ wálé kò gbọdọ̀ sùn ti ìtọ̀. Mi ò bi wọ́n ta ló sọ fún wọn pé ẹnì kan ń bọ̀. Aṣọ búlúù rẹ ò ṣòfò, mo ti fi rán àpò kúbùsù tuntun fún ọ, ó gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ nítorí mi ò mọ bí o ṣe ga tó báyìí.

Ẹ̀wù ti tán, àfi kọ́là. Ará ilé ló gbọ́dọ̀ rán kọ́là, mo sì ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú òwú nínú rẹ̀. Ọwọ́ tìrẹ dúró ju tèmi lọ. Bàbá rẹ ní kí n tọrọ owó ayùn tuntun, mo ní kí wọ́n pọ́n ti àtijọ́. Má fi owó ránṣẹ́. Ìka ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́. Ọ̀gá Meng ní ìjókòó ojú fèrèsé jẹ́ tìrẹ lọ́jọ́ tí ọmọ á pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó ní aṣọ òun ti sọ òun di ìbátan. Bí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kí o wá, mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn rán an. Ọmọ á wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìní kọ́là, èmi á sì máa fi ọwọ́ bò ó lọ́rùn.

Kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Kí oúnjẹ tí o bá jẹ nínú ìkòkò ẹlòmíràn gbà ọ́ lára, kó má sì mú ọ gbàgbé tiwa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ mí di bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ìyá àgbà ní bí o bá pàdé obìnrin inú fóònù yẹn ní ìlú, kí o sọ fún un pé kó má ṣèyọnu aṣọ mọ́, ilé ti pé. Wọ́n ní kó kàn ṣàánú àwọn, kó jẹ́ kí ìwọ gan-an dáhùn.