Ìyá Ọkọ Mi Ń Ru Koríko, Èmi Ni Wọ́n Ń Bú

Àǹtí Sabitri orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, agbègbè òkè Lamjung wa yìí kò tóbi, wọ́n á tètè mọ̀ mí.

Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, n kì í jẹ́ kí ìyá ọkọ mi gbé ohunkóhun. Ìyàwó ló ń ṣiṣẹ́ níbí, ìyá á jókòó. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kàn yọ̀ ṣubú, ni ọrùn-ọwọ́ wọn bá kán. Dókítà ní egungun wọn ti fúyẹ́, pé àjókòójù wà nínú ohun tó fà á. Ó ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa gbé ẹrù díẹ̀díẹ̀.

Ní báyìí, wọ́n ń pọn agbọ̀n koríko tí ẹfọ̀n tí à ń sìn nílé ń jẹ gun òkè, ara wọn sì ń le sí i. Àfi bí obìnrin aládùúgbò wa kan ṣe rí wa lọ́nà, tó pariwo mọ́ mi: "Ìwọ ìyàwó yìí, ṣé o fẹ́ pa ìyá arúgbó ni?"

Mo ní kí Ìyá ṣàlàyé fún un. Wọ́n mí kanlẹ̀: "Kí ni kí n ṣe? Mo ti gba kádàrá." Obìnrin náà bá sáré gbé tíì oníwàrà fún wọn.

Nígbà tí a délé, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín: "Tí mo bá sọ òótọ́, ta ni yóò máa fún mi ní tíì?"

Àǹtí, orí mi dàrú. Ṣé kí n gba agbọ̀n lọ́wọ́ wọn ni, kí egungun wọn bàjẹ́, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún wọn, kí orúkọ mi bàjẹ́? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i, àmọ́ ẹ rọra o. Ìyá ló ni rédíò ilé wa.