Atẹ́gùn Tí Mo Fi Tipá Fún Ẹ́ńjìnnì

Bàbá mi ní Baní,

Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa ní Bayamón níbí, ẹ má fòyà.

Nígbà tí ẹ pè mí, ẹ ní, "Wilmer, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ yẹn máa fi imú ara rẹ̀ mí. Pààrọ̀ sàlẹ́ńsà, la ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀, ó tán." Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Irọ́ ni mo pa fún yín. Tọ́bò ti wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń ti atẹ́gùn tipátipá sínú ẹ́ńjìnnì ogún ọdún.

Yẹ̀yẹ́ Joelito ọ̀rẹ́ mi ló kó sí mi lórí: "Ọ̀gá, ṣé ìgbín lo de táyà mọ́ nídìí ni?" Lọ́jọ́ Sunday tí èmi àti Yarelis ìyàwó mi ń lọ sétíkun, Joelito fi ọkọ̀ tirẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Yarelis ní, "Fi í sílẹ̀, jàre." Mo tẹná. Ẹ́ńjìnnì bú gbàmù, iná sì sọ. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, Yarelis ti bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì há mọ́ mi lára, ló bá padà wá fọwọ́ tú mi.

Irun mi kan ò jó. Ojú yín ni mi ò lè wò. Yarelis náà wà dáadáa. Ó ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun pa fúngbà díẹ̀, ó ní òun fẹ́ sinmi.

Ẹ bá mi kí Màmá. Yarelis ní kí n bá òun kí yín, torí òun ò tíì lè di kálámù mú.

Wilmer