Bàtà Òjò Yín Ti Lu, Màámi

Màámi ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde fún yín pé bàtà òjò yín, ti ẹsẹ̀ òsì, ti lu. Ẹnu iṣẹ́ ló wà ní Lákọ̀wé nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Ti ọ̀tún ṣì wà láàyè. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa ní Jákàndè, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo ń fi bàtà yín ṣe. Mo ti ríṣẹ́, Màámi. Ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ tí mo kọ́ ní pólì ti sọ mí di alábòójútó sáìtì. Ẹ̀yin jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ aràn, ọmọ yín ń ka búlọ́ọ̀kù, ẹ kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí lórí rẹ̀.

Kòtò ńlá kan wà lẹ́yìn sáìtì wa níbi tí wọ́n ti wa yanrìn. Omi ti kún un, koríko ti yí i ká. Bí iṣẹ́ bá parí, ibẹ̀ ni àwọn lébìrà tó wá láti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ti ń wẹ̀. Ìgbà tí mo rí ìṣáwùrú, ìgbín omi tí aràn yín ń gbé inú rẹ̀, lára koríko náà ni mo rántí àwọn ike áísìkiriìmù tó máa ń wà nínú fíríìjì wa. Ṣé ẹ rántí ojú pásítọ̀ wa lọ́jọ́ tó ṣí èyí tí wọ́n kọ fanílà sí, tí ìṣáwùrú yín ń wò ó?

Múfú, bíríkìlà kan tó wá láti Ìkirè, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di dókítà. Wọ́n ní àtọ̀sí ni.

"Múfú, obìnrin wo ló ṣe ọ́ báyìí?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Mi ò mọ obìnrin kankan."

"Ṣé sìmẹ́ńtì ló wá kó o ràn ọ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rídíwáànù, tó ń dín dùndú lẹ́nu ọ̀nà sáìtì, kò rẹ́rìn-ín. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ padà sí Ìkirè.

Ni mo bá bi Múfú ní ìbéèrè tí ẹ máa ń bi àlejò kí wọ́n tó jẹun tán: ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà máa ń yọ ni, àbí ìparí? Ìparí ni, bí aràn yín ṣe máa ń ṣe. Mo wọ bàtà yín, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú omi láti ṣa ìṣáwùrú díẹ̀. Ibẹ̀ ni bàtà òsì ti dágbére. Èmi náà yóò lọ ṣe àyẹ̀wò bí àsìkò bá tó. Ẹ ti kọ́ mi pé aràn yẹn kì í kánjú.

Èmi àti tọkọtaya náà wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ajah. Ìyá Rídíwáànù ló gbé ìgò ìtọ̀ náà lọ́wọ́, bí ẹni tó ń gbé ẹ̀rí lọ sí kóòtù. Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò fi ojú sí máíkírósíkóòpù, ó sì ní kí Ìyá Rídíwáànù náà wá wò ó.

Mo gbójú sókè. Àwòrán ẹyin aràn náà wà lára ògiri, pẹ̀lú ẹ̀gún tó wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀gún náà wọ́ sí òsì díẹ̀. Màámi, mo mọ ẹ̀gún yẹn. Orí tábìlì oúnjẹ wa lẹ ti yà á, fáànù gbá bébà, ọwọ́ yín sì yẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yín dà á kọ, ó gbé e lọ sí Kánò, ó fi kọ́ ẹlòmíràn, ẹni yẹn kọ́ ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí fáànù wa ṣe fẹ́ lọ́jọ́ náà ni gbogbo wọn ṣì ń yà á?

"Ẹyin rèé lóòótọ́!" Ìyá Rídíwáànù pariwo. "Múfú, o ò wá sọ̀rọ̀!"

"Kí ni mo ti ń sọ látàná?"

"Ta ló ya tara ògiri yìí?" Ìyá Rídíwáànù bi aláyẹ̀wò náà.

"Màmá kan ni," obìnrin náà dáhùn. "Mi ò bá wọn pàdé rí, ṣùgbọ́n àwọn ló kọ́ gbogbo wa."

Mo tún gbójú sókè wo ẹ̀gún yín.

Múfú ti lo oògùn. Ẹrù ti tú, dùndú ti padà sórí iná. Ó wá ku kòtò yẹn, torí ẹni tó bá tún wọ̀ ọ́ yóò tún kó o. Mo kọ ìkìlọ̀ nípa aràn, mo gbé e lọ fún ọ̀gá wa.

"Aràn kẹ̀? Kí àwọn tó fẹ́ ra ilé wá kà á? Gbé e wá, màá tún un kọ."

Ó tún un kọ lóòótọ́. Láti àná, ìdí ẹ̀rọ omi ni gbogbo wọn ti ń wẹ̀. Mo so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí kí ẹ lè rí ibi tí iṣẹ́ yín dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí bó ṣe kọ ọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣì tutù.

ÌKÉDE LÁTI Ọ́FÍÌSÌ SÁÌTÌ

A ń fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú adágún ẹ̀yìn sáìtì mọ́. Àwọn oníbàárà wa pàtàkì àti àwọn ọmọ wọn nìkan ni a ya adágún náà sọ́tọ̀ fún.